Ẹ Bá Mi Bẹ Àwọn Ará Adó, Ọwọ́ Mi Ni

Ọwọ́ òsì ni mo ń lò. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju ìyẹn lọ. N kò jí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni, n kò gba ilẹ̀ onílẹ̀, owó iná tí n kì í sábà rí, mò ń san án. Síbẹ̀, láti Fájuyì dé Ọjà Ọba, kò síbi tí mo ti na ọwọ́ yìí tí wọn kì í wò mí bí ẹni tó tú aṣọ láàárín ọjà.

Lọ́jọ́sí ni mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Bàṣírì. A dé Fájuyì, mo fa igba náírà yọ, mo nà án sí ọmọ tó wà á. Ọmọ tí mo lè bí! Ó wo owó, ó wo ọwọ́, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà! Ọwọ́ òsì?" Mo ní owó ni mo fún ọ, n kò fún ọ lọ́wọ́. Kò gbà á. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń tẹ fèrè, oòrùn ń pa wá, àfìgbà tí mo gbé àpò aṣọ mi sílẹ̀, tí mo fi ọ̀tún gba owó lọ́wọ́ òsì, kí n tó tún un nà. Ẹ sì wo ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò wa o. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966. Ìlú ẹni tó bá àlejò kú ni wọn ò ti lè gba igba náírà lọ́wọ́ onílé.

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo gbọ́. Bí àlejò bá wá bi mí léèrè ọ̀nà Ìjìgbò nígbà tí ẹrù wà lọ́tùn-ún mi ńkọ́? Ètè ni mo máa ń yọ síta júwe. Ẹni ẹlẹ́ni á ní mò ń yínmú sí òun.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà tí wọn kì í bèèrè ìwé ọjọ́ ìbí, bí wọ́n bá mú ọmọ dé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ó bá kàn án, ó ti tó ọmọ iléèwé. Awólọ́wọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ṣùgbọ́n etí ni ọ̀pọ̀ wa fi wọlé. Èmi gbé òsì, mo fi kan etí ọ̀tún, ìka tilẹ̀ kọjá etí. Tíṣà ní kí wọ́n mú mi padà sílé, pé ọmọ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì kò tíì gbọ́n tó iléèwé. Ti pàṣán tó tẹ̀lé e lọ́dún kejì, ẹni tó bá jẹ ọmọ ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n.

Télọ̀ ni mo padà dà, níbẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo àlùmọ́gàjí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má rò pé ibi tí a ń ki ìka bọ̀ nìkan ni mò ń sọ. Bí ọlọ́tùn-ún bá pa á dé, àtàǹpàkò rẹ̀ á ti abẹ kan mọ́ èkejì, aṣọ á já geere. Bí èmi bá fi òsì pa á dé, ńṣe ni àtàǹpàkò mi ń yà wọ́n nípá. Aṣọ á wọ àárín abẹ méjèèjì, á ká sẹ́nu rẹ̀, ibi tó yẹ kó já á sì rún. Abẹ òkè á tún bo ìlà ṣọ́ọ̀kì tí mo fà, n kò ní rí ibi tí mò ń gé. Àǹkárá ṣì ṣe é fara dà. Léèsì ńkọ́? Ìyá ìyàwó kan bá mi lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó figbe ta: "Ẹ fi òsì gé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi!" Ó ká léèsì rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní ọmọ òun kò ní fi ẹsẹ̀ òsì wọlé ọkọ.

Èkìtì sì nìyí, a kì í fi iyán ṣeré. Níbi ìnáwó, ẹni mẹ́ta ló ń yí odó kan ká, tí ọmọ odó ń tẹ̀lé ara wọn gbì, gbì, gbì. Mo dá sí i lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ odó mi gba ọ̀nà tirẹ̀ wá, ó kọlu ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, iṣu fọ́n sórí gèlè àwọn àgbà. Iṣu bíbẹ ni wọ́n ń fún mi láti ọjọ́ náà, wọ́n tún ní èèpo mi ń nípọn jù.

Ti ìjọ ló dùn mí jù. Bíbélì wà lọ́tùn-ún mi, mo na òsì láti bọ bàbá àgbà kan lọ́wọ́. Bàbá wo ẹ̀yìn, ó rọra fi òsì tirẹ̀ gbà á, ó fún un bákan, ó ṣẹ́jú sí mi. N kò mọ èsì tí à ń fọ̀ sí i! Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń fi òsì kíra wọn. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń sọ pé awo ni mí. Àwọn ọmọ Síkáòtù ń fi òsì bọ ọwọ́ káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní Ògbóni. Mo ṣí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ fún pásítọ̀, mo fi Éhúdù ọlọ́wọ́ òsì hàn án. Ó ní ṣé ẹni tó gún ọba pa ni mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí?

Wọ́n ní bí a bá kó ẹni mẹ́wàá jọ, ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992, àwọn mẹ́ta tó ṣíwájú nínú ìdíje ààrẹ, Bush, Clinton àti Perot, òsì ni gbogbo wọn ń lò. Obama náà ń fi òsì buwọ́ lùwé. Àwọn ti Adó dà? Wọ́n ń fi ọ̀tún jẹ ẹ̀fọ́, wọ́n ń ta á sí àyà ẹwù, wọ́n dákẹ́.

Lọ́dún 1968 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Anything Left-Handed, tó jẹ́ pé ohun èlò ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà báyìí. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ní Kérésì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra àlùmọ́gàjí ìgéṣọ ńlá kan. Owó rẹ̀ wà ńlẹ̀. Tránsífà ni n ó ṣe.