Olórí Ẹbí Tí Ó Sọ Ara Rẹ̀ Di Onílé

Ní ìlú Ọ̀rà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù, ilé ẹbí ni wọ́n ń pe ilé tí baba kan kọ́, tí ó sì kú láìṣe ìwé ìhágún, tí ilé náà fi di àjọni fún gbogbo ọmọ tó bí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó lè nawọ́ sí yàrá kan kí ó ní tòun nìkan ni, ìbáà ṣe inú yàrá náà ni ó ti ń sùn láti ìgbà èwe. Ẹni tí àṣà fi ṣe alámòójútó irú ilé bẹ́ẹ̀ ni olórí ẹbí. Ọ̀pọ̀ olórí ẹbí ló jẹ́ olóòótọ́ tí wọn kò rí ju ìyọnu lọ nídìí iṣẹ́ náà, àwọn wọ̀nyẹn kọ́ sì ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín. Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn ni ẹni tí ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹbí lẹ́yìn ìsìnkú, tí ó sì ti gbàgbé láti ọjọ́ náà pé ẹnì kan ló fún òun.

Kì í ṣòro láti dá a mọ̀. Yàrá òkè tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì ni ó ń gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí baba rẹ̀ fi owó kòkó kọ́, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ó ti lè rí ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, pàápàá ayálégbé tí owó ilé rẹ̀ ti pé tí ó sì fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lára okùn kan ní ìbàdí rẹ̀, títí kan kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wó lulẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, tí ó pè ní ìwé ìṣirò ẹbí. Gbogbo ẹbí ló ti rí ẹ̀yìn ìwé náà, kò sì sí ẹni tó tíì rí inú rẹ̀. Nínú ìwé yìí ni ó yẹ kí a ti rí owó ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó kọjú sí títì, owó oní-POS tó dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, owó yàrá tí àwọn tíṣà àti àgùnbánirọ̀ ń gbé, àti, bí orí bá ṣe é ní rere, owó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí ilẹ̀ ẹbí lẹ́yìn ilé, èyí tí wọ́n sábà máa ń san ti ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì máa ń bọ́ sí àsìkò tí olórí ẹbí ń gbèrò àtilọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìṣirò, kì í bínú lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dákẹ́, yóò wo òkè àjà, yóò sì béèrè bóyá ọmọ náà rántí ẹni tó gbé e lọ sílé ìwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá sọ̀rọ̀ nípa àgbà tí kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, láìjẹ́ kí ó hàn sí ẹnikẹ́ni pé ọ̀rọ̀ náà dá lórí iṣẹ́ tí àgbà ní láti ṣe, kì í ṣe lórí owó tí àgbà ní láti gbà. Èyí tí yóò fi parí rẹ̀ ni òfin kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: ilé ẹbí kì í ní ìṣirò. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ béèrè yóò dìde, yóò ní kí bàbá má bínú, yóò sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún obì.

Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ti ń sọ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀ òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, ni pé ohun ìní ẹbí kì í ṣe ti olórí ẹbí, pé ó ń mójú tó o fún àǹfààní gbogbo ọmọ ẹbí ni, àti pé ọmọ ẹbí tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù lè pè é lẹ́jọ́. Ọmọ ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé náà, láti wọlé àti láti jáde, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi ẹnu kò lórí rẹ̀, àti láti gba ìpín tirẹ̀ nínú owó tí ilé náà bá mú wá. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó ta yàrá tí wọ́n fún un, tàbí kí ó há a fún ọmọ tirẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló ni ín. Olórí ẹbí mọ ìlà ìkẹyìn yìí dáadáa, ó sì máa ń kà á fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ti yọ jù ni ìdí ìpín. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá fi ń pín ogún. Ìkíní ni ìdí-igi, níbi tí wọ́n ti ń pín ogún sí iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, tí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò wá pín tiwọn láàrin ara wọn. Ìkejì ni orí-òjorí, níbi tí wọ́n ti ń pín in lọ́gbọọgba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láìwo ti ìyá. Ẹjọ́ tó sọ èyí di mímọ̀ jù ni ti Dawodu àti Danmole, lórí ohun ìní ọkùnrin ará Èkó kan, Suberu Dawodu, tó kú ní ọdún 1940 tí ó sì fi ọmọ 9 sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó 4. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà rí ìdí-igi gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò bá ẹ̀tọ́ mu, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, nígbà tí ìgbìmọ̀ náà ṣì jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà, wọ́n dájọ́ pé ìdí-igi ni àṣà tó fìdí múlẹ̀, pé bí àríyànjiyàn bá dé láàrin àwọn ọmọ lórí ìpín, olórí ẹbí ló lè sọ bóyá orí-òjorí ni kí wọ́n lò.

Olórí ẹbí tí à ń wí yìí kò ka ẹjọ́ náà rí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ tó wúlò fún un wà lórí ahọ́n rẹ̀. Bí owó ilé bá wọlé, ìdí-igi ni. Bí páànù bá jò, orí-òjorí ni. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé baba tó kọ́ ilé náà ní ìyàwó 3, pé ìyá olórí ẹbí bí òun nìkan, pé ìyàwó kejì bí ọmọ 4, tí ìkẹta sì bí 5. Bí owó ilé ọdún kan bá jẹ́ ₦300,000, olórí ẹbí yóò gba ₦100,000, àwọn ọmọ ìyàwó kejì yóò gba ₦25,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ìyàwó kẹta yóò sì gba ₦20,000. Bí iye tí wọ́n ná lórí páànù ní ọdún náà bá tún jẹ́ ₦300,000, olúkúlùkù àwọn ọmọ 10 náà yóò san ₦30,000. Ní òpin ọdún, ọmọ ìyàwó kẹta yóò ti fi ₦10,000 kún owó ara rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé, olórí ẹbí yóò sì jókòó ti ₦70,000. Ìṣirò yìí tilẹ̀ ṣàánú rẹ̀ jù, nítorí pé ó gbà pé ó pín owó ilé náà ní tòótọ́.

Àwọn obìnrin ilé ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìpín, ó sì máa ń ṣe é tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọmọ obìnrin ti lọ sílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò wí, kí ló wá fẹ́ ṣe nílé baba? Obìnrin kan náà yìí ni yóò pè lórí fóònù bí odi bá ya, nítorí pé kò sí ilé ọkọ tó jìnnà jù fún owó sìmẹ́ńtì láti gbà wá. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti ọdún 1908, tó dá lórí agbo ilé kan ní Èkó, ilé ẹjọ́ sọ pé àkọ́bí ọkùnrin ni yóò di olórí ẹbí lẹ́yìn ikú baba, ṣùgbọ́n bí òun náà bá kú, ọmọ tó bá dàgbà tẹ̀ lé e nínú àwọn ọmọ baba náà ni ipò kàn, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé arábìnrin tí wọ́n ń lé padà sílé ọkọ ni yóò gba okùn kọ́kọ́rọ́ náà lọ́la, bóyá ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lé e tete.

Ọ̀nà mìíràn tí ilé fi ń di ti olórí ẹbí yìí ni àtúnṣe. Yóò lẹ táìlì mọ́ yàrá ara rẹ̀, yóò kun iwájú ilé ní ọ̀dà, yóò gbẹ́ kànga, lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ilé tí baba wọn kọ́ ti wó tán, pé èyí tó dúró yìí, iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Òfin kò gbà fún un. Ọmọ ẹbí tó bá tún ilé ẹbí ṣe, ilé ẹbí ló tún ṣe, àfi bí ẹbí bá jókòó tí wọ́n sì gbà pé kí ó di tirẹ̀.

Níkẹyìn, yóò tà á. Kì í tà á lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ ta ibi tí wọ́n ń dá ààtàn sí, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò torí ààtàn jà, lẹ́yìn náà ni yóò ta ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà ni yóò ta àwọn ṣọ́ọ̀bù. Yóò pe àbúrò kan tó máa ń bá a jẹun àti ọmọ ìyá kan tí kò mọ̀wé wá tẹ ìka sí ìwé, ẹni tó rà á yóò sì gbà pé gbogbo ẹbí ló fọwọ́ sí i. Lórí èyí, ẹjọ́ tí àwọn amòfin kì í yé tọ́ka sí ni ti Ekpendu àti Erika, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dá ní ọdún 1959. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà Ìlà Oòrùn ni ẹjọ́ náà ti wá, òfin tó wà nínú rẹ̀ dé Ọ̀rà bí ó ti dé Èkó: bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀, bí olórí ẹbí bá tà á ní orúkọ ẹbí láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà pàtàkì, èyíinì ni àwọn aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, títà náà dúró títí àwọn àgbà náà yóò fi lọ sí ilé ẹjọ́ láti fagi lé e, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè lọ. Ìlà yìí ni olórí ẹbí gbára lé jù lọ. Ó mọ̀ pé ẹbí òun kì í tètè.

Olórí ẹbí yìí ní ìbátan ní ìgboro. Ní àwọn fúláàtì Èkó tí olúkúlùkù ti ra tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn jọ ni àtẹ̀gùn, jẹnẹrétọ̀ àti géètì, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ni wọ́n ń pè é. Owó ìtọ́jú ilé ló ń gbà dípò owó páànù, ẹ̀rọ omi ló sì ń pa mọ́ ẹni tó bá béèrè rìsíìtì lójú. Òun kò tilẹ̀ ní ọjọ́ orí tí yóò fi ṣe àwáwí.

Àmọ́ àwọn tó ń ṣe é ní olórí ẹbí jù ni àwọn ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀. Ọmọ Ọ̀rà tó ra fúláàtì ní Peckham, tí ilé iṣẹ́ kan sì ń mójú tó ilé náà fún gbogbo wọn, mọ òfin ọdún 1985 tó de onílé àti ayálégbé ní Ìlú Ọba bí ẹní mọ orin ìjọ. Ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ àtúnṣe kan yóò bá ná òun ju pọ́n-ùn 250 lọ, àwọn alámòójútó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí òun kí òun sì dá sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun lè béèrè àkójọ ìnáwó kí òun sì yẹ rìsíìtì wò. Ó ti kọ lẹ́tà tó gùn lórí iná àtẹ̀gùn tó kú. Ọkùnrin kan náà yìí ni yóò balẹ̀ sí Ọ̀rà ní Kérésì, tí yóò bá páànù tuntun lórí ilé kan tí kì í ṣe ti ẹbí, tí yóò mọ ẹni tó ni ilé náà, tí yóò sì wólẹ̀ kí i pé ẹ kú ìtọ́jú ilé o, bàbá. Ọ̀wọ̀ ni ó pe èyí. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ rárá; ìgbádùn ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun nínú ìjà ilé ni, olórí ẹbí sì ń gba owó orí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Kò sí ohun tó ní kí ọmọ ẹbí má dọ̀bálẹ̀. Kí ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí ó kí bàbá tìyàwó-tọmọ, lẹ́yìn èyí kí ó béèrè ìwé náà níwájú àwọn aṣojú ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì gbọ́ pé wọ́n ti ta ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n má dúró de Kérésì kí wọ́n tó wá amòfin.