Bíréèkì Ọwọ́, Bíréèkì Ẹnu

Ẹ̀rọ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá rà, kí wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn àríyá, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan maìkì láìkọ́kọ́ jókòó sídìí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ọlọ́wọ̀n-ọ́n-gógó. Kọ̀ǹpútà lásán ni, pẹ̀lú bọ́tìnì méjì. Ohun kan ṣoṣo ló ń wò lára èèyàn: bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan, ṣé o lè dá a dúró?

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ti ń ṣe ìdánwò yìí. Ọfà á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá kọjú sósì, o tẹ bọ́tìnì òsì. Bó bá kọjú sọ́tùn-ún, o tẹ tọ̀tún, kíákíá. Ọmọdé lè ṣe é. Àmọ́ bí ọfà mẹ́rin bá yọ, á tó ọ̀kan tí fèrè á dún tẹ̀ lé: dúró, má tẹ̀ ẹ́ mọ́! Ibẹ̀ ni wàhálà wà, nítorí ìka rẹ ti gbéra. Bí fèrè bá tètè dún, wàá rí ọwọ́ fà sẹ́yìn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, o ti tẹ̀ ẹ́ tán kó o tó rántí pé wọ́n ní o ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, wàá wá máa wo ọwọ́ ara rẹ bí ẹni pé ti aládùúgbò ni.

Ibi tó ti le ni bí wọ́n ṣe máa mọ iye àsìkò tí dídúró yìí ń gbà. Ti ẹni tó tẹ bọ́tìnì rọrùn, kọ̀ǹpútà rí i. Ti ẹni tó dúró ńkọ́? Kò sóhun tó ṣe. Báwo lèèyàn ṣe ń wọn ohun tí kò ṣẹlẹ̀? Àwọn agbaṣẹ́ṣe tiwa mọ̀ ọ́n: wọ́n á wọn títì tí kò sí níbì kankan ní kìlómítà kìlómítà, wọ́n á sì gba owó rẹ̀ pé. Ìmọ̀ yìí ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, ni wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń ronú.

Gordon Logan àti William Cowan, ní Kánádà, ló rí ojútùú rẹ̀ lọ́dún 1984. Wọ́n ní eré ìje ni. Sárésáré méjì ló wà nínú orí: ọ̀kan ń sáré lọ tẹ bọ́tìnì, ìkejì ń sáré lọ dí i lọ́wọ́. Ìgbà tí ọfà yọ ni ti àkọ́kọ́ gbéra. Ìkejì ò lè mira àfi tí fèrè bá dún. Èyí tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. Lóòótọ́, ojú ò rí ìkejì, ṣùgbọ́n a mọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń sáré sí, a sì mọ iye ìgbà tó ń já ìkejì sílẹ̀, a lè fi ìyẹn ṣírò ibi tí ìkejì dé. Ẹ jẹ́ ká pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1000. Ká ní àárín 450 lo sábà máa ń tẹ bọ́tìnì, tó sì jẹ́ pé bí fèrè bá dún nígbà tó di 220, bí o ṣe ń dúró lẹ́ẹ̀kan lò ń kùnà lẹ́ẹ̀kan. A jẹ́ pé nǹkan bíi 230 ni bíréèkì rẹ ń gbà kó tó mú. Ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń wà láàárín 200 sí 250.

Kọ̀ǹpútà náà sì tún gbówọ́. Bí o bá rí ara rẹ dúró, á sún fèrè síwájú pẹ̀lú 50 nínú 1000 yẹn, kó lè le sí i. Bí o bá kùnà, á fà á padà. Bẹ́ẹ̀ ni á máa bá a lọ títí gbogbo wa, ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọmọọ̀ta, á fi máa kùnà ní ìdajì. Tìtorí èyí gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi ìdánwò mìíràn hàn mí nílẹ̀ yìí tí bàbá ọmọ ò lè rí ẹnì kan fún lówó kí máàkì ọmọ rẹ̀ lè gòkè.

Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé ò ní ṣàìrí ihò wọlé. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò fura pé táwọn bá ń fẹsẹ̀ falẹ̀, fèrè á ti dún káwọn tó gbéra. Wọ́n wá ń jókòó de fèrè. Nígbà tí Frederick Verbruggen àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kóra jọ lọ́dún 2019 láti kọ ìlànà rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n kìlọ̀ fún èèyàn kó má dúró de fèrè. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ fún èèyàn lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n fi ń gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba níbí. Ẹ lọ wo fáìlì tó wà lórí tábìlì ní sẹkitéríàtì, tó ti wà níbẹ̀ láti ayé gómìnà ìjẹta. Ọ̀gá tí fáìlì yẹn wà níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ dídúró tó o lágbàáyé. Ẹ fun fèrè, ẹ má fun ún, ìka rẹ̀ ò ní gbéra.

Kí eré ìje yìí tó délẹ̀, lọ́dún 1982, Logan ti wo àwọn atẹ̀wé. Wọ́n ń tẹ̀wé lọ geere, ó fún wọn lámì kí wọ́n dúró. Lẹ́tà kan tàbí méjì sí i, wọ́n ti dúró, kódà bí wọ́n bá wà láàárín ọ̀rọ̀. Àfi ọ̀rọ̀ òyìnbó kékeré kan, "the". Bí wọ́n bá ti wọnú ìyẹn, wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ dópin ni, torí ó ti mọ́ ọwọ́ jù. Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọlọ́lá tó di maìkì mú bá ti lè sọ pé "èrè", kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, "ìjọba àwa-ara-wa" ti dé ètè, kò sí agbára tó lè dá a padà sọ́nà ọ̀fun.

Ibì kan wà tí n kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún 1990, Russell Schachar àti Logan gbé ìdánwò yìí fún àwọn ọmọ tí ara wọn kì í balẹ̀, wọ́n sì rí i pé bíréèkì wọn kì í tètè mú bíi tàwọn ẹgbẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ò tó fi sọ pé ohun báyìí ló ń ṣe ọmọ kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ti nà nítorí pé a ní "fi í sílẹ̀!" tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti dé ibẹ̀. Tíṣà tó ń nà án gan-an, a sọ fún un pé ó tó, ó tún fi méjì sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́lá máa sá wọ abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní bíréèkì àwọn ló lọ́ra, kì í ṣe ẹjọ́ àwọn. Kódà, Adam Aron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2003 pé bí apá kan níwájú ọpọlọ lọ́wọ́ ọ̀tún bá fara pa, dídúró á máa pẹ́ sí i. Ó dáa, kí wọ́n mú ìwé dókítà wá. Ìdá mélòó kan nínú ìṣẹ́jú àáyá ni eré ìje tí à ń sọ yìí. Alága ìdúró ti fi pépà ránṣẹ́ sí yín, onílù ti fi gángan pè yín lórúkọ, ìrẹsì ti tutù, ìyàwó ti lọ pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣì wà lórí "kí n tó jókòó". Àwọn onímọ̀ mọ irú èyí náà. Wọ́n ní ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe pé sárésáré kejì lọ́ra. Kò gbéra rárá ni.

Mo gbé àbá ẹ̀rọ yìí lọ bá ọlọ́lá kan tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Mo ṣàlàyé ọfà, mo ṣàlàyé bọ́tìnì, mo ṣàlàyé sárésáré méjèèjì. Ó tẹ́tí sílẹ̀ gan-an, ó ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun fọwọ́ sí i pátápátá, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ti fún ẹnì kan ní kọ́ńtíráàtì fèrè náà?