Kí Ni Oorun Ń Jẹ́ Lónìí?

Ní Igolo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifangni ní orílẹ̀-èdè Benin, owó méjì ni wọ́n ń ná: sẹ́fà tiwọn àti náírà aládùúgbò. Kí o tó kí àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó tán, wọ́n ti sọ iye tí náírà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè iye tí oorun àsùnwọra ń jẹ́ lónìí, wọn yóò ní orí rẹ ti dàrú. Owó lè ra bẹ́ẹ̀dì. Oorun kì í bá a wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbátan: owó kò lè rà á. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè; ọdún 2022 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ti Ìdí-Ìrókò tó kọjú sí Igolo. Lásìkò yẹn, ìrẹsì wọ́n lọ́hùn-ún, bẹntiróòlù wọ́n níhìn-ín. Ṣùgbọ́n àna tó wà ní òdìkejì ẹnubodè ṣì ń retí ìkíni, ẹ̀gbọ́n ṣì ń pàṣẹ fún àbúrò láti ìlú onílùú, kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì gba owó ibodè kankan lórí ìbátan.

Ẹ̀yin olówó wa, ẹ máa ra ilé, ẹ máa ra mọ́tò. Ẹ ṣáà má ta ìbátan: kò sí ọjà tí ẹ ó ti rí i rà padà, ì báà ṣe ti sẹ́fà, ì báà ṣe ti náírà.