Bọ̀dá Tẹná Lọ Sáré ní Brands Hatch

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ní Peckham, ẹ ó ti pàdé rẹ̀ níbi ìkómọjáde kan ní Dagenham, níbi tó gbé BMW dúdú rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà onílé kí àlejò kankan má baà wọlé láì rí i. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Bọ̀dá Tẹná là ń pè é, torí kí iná tíráfíìkì tó kúrò ní pupa tán, ó ti tẹ iná mọ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, kò ríbi sá a lọ: ọ̀pọ̀ òpópónà Lọ́ńdọ̀nù ni kò gbà ju máìlì 20 ní wákàtí kan lọ, kámẹ́rà sì wà lórí òpó.

Ohun tó gbé e dé ìdí track day nìyẹn. Ẹ má pè é ní ìdíje o. Kò sí ife-ẹ̀yẹ, ẹnikẹ́ni kò bá yín ka ìṣẹ́jú. Ẹ ó kàn sanwó, ẹ ó gbé ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ wọ pápá àwọn asáré-ọkọ̀, ẹ ó sì sá a débi tí àyà yín bá gbé e dé. Brands Hatch ní Kent ló yàn. Láàárín 1964 sí 1986 ni Formula 1 máa ń wá síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni awakọ̀ Nigel Mansell ti kọ́kọ́ borí lọ́dún 1985. Láti ọjọ́ tí Bọ̀dá Tẹná ti gbọ́ èyí ló ti ń sọ̀rọ̀ Mansell bí ẹni pé àna rẹ̀ ni.

Ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n béèrè níbẹ̀ kò ju akoto tó dára, ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn lọ. Bọ̀dá Tẹná ra akoto páùn 600. Ó ra aṣọ awakọ̀ pupa tó lẹ̀ mọ́ ọn lára látọrùn dé kókósẹ̀, ó ra ìbọ̀wọ́, ó ra bàtà tí kò gbọdọ̀ kan erùpẹ̀. Ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Ìyá rẹ̀ fi ohùn dáhùn láti Ìjẹ̀bú-Òde: "Ọkọ mi, ṣé iṣẹ́ wẹ́dà lo lọ kọ́ lọ́hùn-ún ni?"

Ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó pààrọ̀ sálẹ́ńsà sí èyí tó ń bú bíi kìnnìún. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ da òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi sàmì sórí síárìngì. Ní gbogbo ọdún yẹn, òróró tuntun mìíràn kò kan ọkọ̀ náà.

Mẹkáníìkì wa, ọmọ Ìbàdàn kan tí kì í gbé ohùn sókè, yẹ ọkọ̀ náà wò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kẹ́yìn?"

"Àbúrò, ṣé bíréèkì ni mo fẹ́ lọ tẹ̀ níbẹ̀ ni? Iná ni mo fẹ́ lọ tẹ̀."

Ọmọkùnrin náà rọra ṣàlàyé. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius. Èyí tó ti mumi lè hó ní 155. Ìrìn àárín ìlú kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní pápá, téèyàn ń ti orí máìlì 100 tẹ bíréèkì léraléra, ooru á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á hó, ẹsẹ̀ á sì rì lórí pẹ́dàlì bí ẹni tẹ iyán gbígbóná. Ó ní kí wọ́n wo páàdì náà, kí wọ́n sì ra géjì, torí afẹ́fẹ́ inú táyà á máa le sí i bí táyà bá ṣe ń gbóná. Bọ̀dá Tẹná gbá a léjìká. "A ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Èmi náà dákẹ́, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n ní kí n bá wọn gbé lọ ló wà lọ́kàn mi.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ní kí oníkálukú kó ohun tó lè yí kiri kúrò nínú ọkọ̀. Bọ̀dá Tẹná kó ìjókòó àwọn ìbejì jáde, ó kó agbòjò mẹ́ta àti àpò gààrí kan, ó gbé àpò irinṣẹ́ inú búùtù náà jù sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Nígbà tó ní ó ti tán, èmi ni mo tọ́wọ́ bọ abẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ìgò Ribena kan wà níbẹ̀, ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo rọra tì í. Ó yí kẹrẹkẹrẹ lọ síwájú, ó lọ dúró sábẹ́ pẹ́dàlì bíréèkì bí ẹni tó mọ ilé. Mo yọ ọ́ kúrò.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ohun tí àsíá pupa, yẹ́lò àti búlúù túmọ̀ sí, fọ́tò ara rẹ̀ ló ń yà. Wọ́n béèrè ẹni tó fẹ́ olùkọ́ kó jókòó tì í. "Èmi tí mo kọ́ ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba?" Ìyí mélòó kan tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà jẹ́jẹ́, ó ní àfi bí ẹni ń gbé òkú lọ sin.

Paddock Hill ni wọ́n ń pe igun àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ ó yà sọ́tùn-ún, ilẹ̀ á sì já lábẹ́ yín bí àtẹ̀gùn tí wọ́n yọ lókùnkùn. Ìyí àkọ́kọ́, ó kígbe. Ìyí kejì, màmá òyìnbó kan, irun rẹ̀ funfun bí òwú, wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú Mazda kékeré. Ẹni iwájú ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda kí ẹni ẹ̀yìn tó kọjá. Bọ̀dá Tẹná kò yọ̀ǹda fún odindi ìyí méjì, àfìgbà tí wọ́n ju àsíá búlúù sí i. Màmá juwọ́, ó kọjá, a kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Ìyẹn ló dùn ún. Ní ìyí kẹfà, ó ní òun fẹ́ lé màmá bá. Ó dé Paddock Hill, ó tẹ bíréèkì: iyán. Ọkọ̀ lọ gbọọrọ sínú òkúta wẹ́wẹ́, ó rì dé ikùn. Wọ́n gbé àsíá pupa, gbogbo ayé dúró nítorí rẹ̀. Àwọn tó wá fà á yọ béèrè ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀, èyí tó yẹ kó ti wà lẹ́nu ọkọ̀ láti àárọ̀. Ó wà nínú àpò irinṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrí.

Kò fara pa, ẹ bá wa dúpẹ́. Ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kò sì dá sí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní pápá eré. Ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí láìkà. A gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ń jẹ ẹ́, a ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé ọkọ̀ wa lọ sílé.

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ tẹnu rẹ̀: "A sáré lọ́jọ́ náà débi pé bíréèkì ń hó!" Kò parọ́. Lítà ọ́ìlì bíréèkì kan kò tó páùn 20.