Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Ọmọ Tó Fẹ́ Rán Amí Wọ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó ń jẹ gúgúrú lẹ́yìn lọ́hùn-ún, gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ yìí wúwo: ó kan ìwà, ó kan ìlú, ó sì kan James Bond, amí inú ìwé ìtàn.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń kọ ìtàn Bond tiwọn sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀. Ọdún 1964 ni Ian Fleming, ẹni tó bí Bond, papò dà. Nígbà tó di 1968, Kingsley Amis, tó fẹ́ràn Bond débi pé ó ti kọ odidi ìwé kan nípa rẹ̀, fi orúkọ Robert Markham bojú, ó sì gbé ìtàn Bond tuntun kan, Colonel Sun, jáde. Inú ìyàwó Fleming kò dùn sí i rárá. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù olóògbé, kó múra sílẹ̀ de ẹnu opó.

Èyí tó kàn wá jù ni ti William Boyd. Accra ni wọ́n ti bí i ní 1952. Ní 1964 ni wọ́n kó wá sí Ìbàdàn, nítorí dókítà ni bàbá rẹ̀ ní Yunifásítì ibẹ̀. Lásìkò ogun Biafra, ó ń wálé lọ́lidé, ó sì fojú ara rẹ̀ rí ohun tó rí. Ní 2013 ló gbé ìtàn Bond tirẹ̀, Solo, jáde. Ọdún 1969 ni ìtàn náà wáyé: wọ́n rán Bond lọ sí Zanzarim, orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ẹ kò lè rí nínú máàpù, níbi tí epo rọ̀bì ti dá ogun sílẹ̀. Bond pe ara rẹ̀ ní oníròyìn. Irọ́ pípa náà tún wọlé!

Báwo làwọn òǹkàwé ṣe gbà á? Inú àwọn kan dùn pé Bond ti padà sáyé àtijọ́ tirẹ̀, ó tún ń mutí, ó tún ń fa sìgá. Àwọn mìíràn kùn pé ìtàn náà ń fàlẹ̀. Ohun tó dun èmi ni ìsàlẹ̀ ojú ewé kan, níbi tí Boyd ti to èròjà òróró àti fínígà tí Bond ń dà sórí ewé tútù. Ọkùnrin ẹni ọdún 45! Ẹni tó kọ ọ́ sì gbé Ìbàdàn, ó mọ àmàlà. Ọdún 1969 yẹn kan náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde. Èmi ò rántí pé Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà, po ewé lójú ọ̀nà kó tó máa lé ọ̀daràn lọ.

A tiẹ̀ ti ní amí aláwọ̀ dúdú nígbà náà, Lance Spearman inú ìwé ìròyìn aláwòrán African Film, fìlà panama lórí, sìgá ńlá lẹ́nu. Ìwé àwọn ọmọ aláìgbọràn ni. Ẹ má béèrè bí mo ṣe mọ orúkọ Sonia àti ti Lemmy, àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Spearman.

Ẹ̀sùn mi gan-an rèé. Ojú Bond la fi ń wo gbogbo nǹkan, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń wo Bond. Ṣùgbọ́n ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, nígbà tí Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá kí Ọ̀gọ̀gà, ọba wa, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ààfin. Ọba jókòó gbagidi, adé ńlá lórí. Òyìnbó ká gúlútú sínú ohun tí wọ́n fi rù ú. Ta wá ni amí níbẹ̀? Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ní London, ó sì wọ àwọn ará British Museum lójú. Ọ̀gọ̀gà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà lọ́hùn-ún dòní.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń wò. Bond yóò sọ̀ ní gáréèjì, ọlọ́kadà yóò bi í pé ta ló ń wá. Ìyá oníyán yóò bu ọbẹ̀ fún un, yóò sì bi í pé kí ló dé tí kò tíì níyàwó. Kó tó fọwọ́ wá ìbọn lápò, àwọn ọmọdé ti ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń pe òyìnbó.

Ẹni tó bá ti kọ tirẹ̀ tán, kó gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí n óò kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni ilé ẹni tí Bond wọ̀ sí. Bó bá jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni, kí olúwarẹ̀ lọ tún un kọ.