Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè!

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní Ìlú Ọba tí ẹ sì rò pé ọjọ́ Sátidé lẹ máa sinmi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí. Mo gbé ẹjọ́ yìí dé iwájú ìyàwó mi, ó dá mi lẹ́bi. Mo gbé e dé ibi iṣẹ́, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà láyé yìí tí wọ́n ń fowó ra ìyà, tí wọ́n ń gba rìsíìtì, tí wọ́n sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wọn? Wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á gùn ún lọ sókè títí ahọ́n á fi yọ síta, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní ìbátan lókè níbẹ̀, wọn ò rajà níbẹ̀, wọn ò lọ gba gbèsè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n á kàn wo ìsàlẹ̀, wọ́n á ní ó mà rẹwà o, wọ́n á sì tún máa já bọ̀. Wọ́n ní ìgbádùn ni. Ìgbádùn! Nínú òjò!

Àwọn tó dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀ gan-an ni mò ń wá. Mo ti tọpa wọn dé California, ní àgbègbè Marin, níbi tí Gary Fisher, Joe Breeze, Charlie Kelly àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ti máa ń kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn lọ sórí òkè, tí wọ́n á sì fi eré àsápajúdé já a bọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó di oṣù October 1976, wọ́n sọ ọ́ di ìdíje. Wọ́n sọ ọ̀nà náà ní Repack, torí pé bíréèkì wọn máa ń gbóná títí gírísì inú rẹ̀ á fi di èéfín, tí wọ́n bá sì délẹ̀, àfi kí wọ́n tún ki gírísì tuntun sí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: bíréèkì ń jó, èéfín ń yọ, òkè ń da èèyàn nù, kò sẹ́ni tó ní ká fi í sílẹ̀ kí kálukú wá iṣẹ́ ṣe, wọ́n ní ká ra gírísì! Ṣé kò sí ìyá kankan ní gbogbo Marin ni? Ṣé kò sí ìyá kan ṣoṣo tó lè yọjú lójú fèrèsé kó ní, "Ìwọ Gary, wọlé kíá!"? Ká ní ìyá tèmi ń gbé àdúgbò yẹn ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí lọ́dún 1976, èmi ì bá sì wà lórí ibùsùn mi.

Dókítà kan ló kọ́kọ́ tà mí. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó mi orí, ó ní ó ń ru, kí n máa ṣe eré ìdárayá. Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Kí n tó wọ bàtà mi tán, ó ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àna mi, ẹni tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti dé Manchester ni kò ti gbà pé jíjókòó ni wọ́n ṣe àga fún. Ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, màá bá yín wá èyí tó dáa." Mo rò pé oògùn ni! Ìjọba náà sì lọ́wọ́ sí i o. Láti 1999 ni wọ́n ti gbé ètò Cycle to Work kalẹ̀, kí ilé iṣẹ́ bá òṣìṣẹ́ gba kẹ̀kẹ́, kí wọ́n máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ kí owó orí tó kàn án. Wọ́n ní àǹfààní ńlá ni. Ọkàn mi lọ sí kẹ̀kẹ́ tó ní agogo níwájú àti ibi ìdìẹrù lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n gbé wá kò ní agogo, kò ní ibi ìdìẹrù, kò ní ohun tó ń gba ẹrẹ̀ dúró lórí táyà, kò tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ tó lè fi dá dúró, ara ògiri lèèyàn ń gbé e tì, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n pè é lè ra Toyota àlòkù tó ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin, tó ní rédíò, tó sì ní òrùlé! Mo ní kí wá ni mò ń sanwó fún? Wọ́n ní kò wúwo ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ń yọ nǹkan kúrò lára ọjà, owó ọjà ń lọ sókè, kò sì sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá!

Ojú ń tì mí láti sọ ti aṣọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ṣòkòtò péńpé kan wà tó lẹ̀ mọ́ ara pinpin, tí wọ́n rán tìmùtìmù sí nídìí. Mo wọ̀ ọ́ lé pátá mi, bó ṣe yẹ ọmọlúwàbí. Àna mi ní rárá o, wọn kì í wọ pátá sí i, yóò bó èèyàn lára. Ló bá mú ìpara kan jáde, ó ní kí n fi pa... Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, ibi tó ní kí n fi pa kò ṣeé kọ sínú ìwé. Ìdílé tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún lọ́jọ́ ìdána, èmi àti ọmọ wọn ló wá dúró nínú ilé ìwẹ̀, tí à ń jíròrò lórí ìdí mi! Bí mo ṣe jáde, ọmọ mi obìnrin ya fọ́tò mi. N kò mọ̀ pé fọ́tò náà yóò dé Ìkirè, ìlú wa, kí èmi tó dé ibùdókọ̀ ojú irin.

Peak District ni àna mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ wọ́ mi lọ, ilẹ̀ olókè tó wà láàárín Manchester àti Sheffield, èyí tí ìjọba kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi National Park ní 1951. Òkè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mam Tor, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 517, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ń yọ̀ wálẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n la títì gba ibẹ̀, òkè ya títì. Ìjọba tún un ṣe, òkè tún un ya. Títí di 1979 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tòun ti katakata rẹ̀, tòun ti ẹnjiníà rẹ̀, tòun ti owó orí tó ń gbà, juwọ́ sílẹ̀ tó sì sá. Títì náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, ọ̀dà rẹ̀ fàya, ó ṣẹ́, ó rì. Mo rò pé wọ́n mú mi wá wò ó kí n lè kọ́gbọ́n ni. Àna mi nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí la máa gbà." Ibi tí ìjọba ti sá! Èmi tí n kò ní katakata! Nítòsí ibẹ̀, ní Edale, ọ̀nà olókùúta mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Àkàsọ̀ Jékọ́bù. Èmi náà ka Bíbélì. Àwọn áńgẹ́lì tí Jékọ́bù rí, tí wọ́n ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, kò sí èyí tó gbé kẹ̀kẹ́ dání nínú wọn.

Òfin pàápàá kò fẹ́ràn mi. Òfin Countryside Act ti 1968 fún kẹ̀kẹ́ láyè láti gba ọ̀nà ẹṣin, ṣùgbọ́n ó ní oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó gun ẹṣin. Ẹ wá wo èmi, tí mo fi ìrora àti orúkọ Olúwa gun kẹ̀kẹ́ dé ìdajì òkè, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí mo ti lè mí, ni ẹṣin kan bá yọ, irun rẹ̀ ń dán, kò làágùn, obìnrin tó gùn ún kò làágùn, òfin wá ní kí èmi tí mò ń kú lọ sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n lè kọjá. Mo sọ̀. Ẹṣin wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó yàgbẹ́ síwájú mi. Ó lọ. Ti àgùntàn kò tiẹ̀ sí nínú òfin. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà ni, wọ́n ń jẹ àpọ́jẹ, kò sí èyí tó ṣídìí. Ẹran tó jẹ́ pé, ká ní Ìkirè la ti pàdé lọ́sẹ̀ Iléyá ni, òun ni ì bá sá fún mi!

Èyí tó wá fọ́ mi lọ́kàn ni ti màmá kan. Mo gbọ́ agogo lẹ́yìn, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí màmá tó tó bí mi lọ́mọ, irun wọn funfun báláú, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lórí òkè tó ń pa mí, ẹnu wọn pa dé, imú ni wọ́n fi ń mí. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ni! Òfin gbà kí ẹ̀rọ wáàtì 250 wà lára kẹ̀kẹ́ láìgba láísẹ́ńsì, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n gbé lé èmi lọ́wọ́! Wọ́n tọ́ mi kí n máa kí àgbà. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi kí wọn? Èémí tó kù nínú mi kò tó "ẹ káàsán, mà." Mo ní kí n tẹríba, kẹ̀kẹ́ bá tẹ̀ lé orí mi wọnú kòtò. Màmá ní mò ń ṣe dáadáa. Dáadáa! Nínú kòtò!

Nígbà tí táyà mi jò, tí mo ní Ọlọ́run ti dáhùn, ká máa lọ sílé, gbogbo wọn fi Tom Pidcock dí mi lẹ́nu. Oníkẹ̀kẹ́ orí òkè, ọmọ Leeds, ni Pidcock. Ní Olympics Paris lọ́dún 2024, lórí òkè Élancourt, táyà rẹ̀ jò láàárín ìdíje, àwọn kan kọjá lára rẹ̀, síbẹ̀ ó lé wọn bá, ó já Victor Koretzky ọmọ Faransé jù sílẹ̀ ní ìyípo tó kẹ́yìn, ó sì gba góòlù lẹ́ẹ̀kejì tẹ̀léra. Mo kí i. Ṣùgbọ́n Pidcock ní mẹkáníìkì tó bá a pààrọ̀ wíìlì! Ta ló dúró dè mí? Kò sí fọkanáísà kan ṣoṣo lórí gbogbo òkè yẹn! Pọ́ǹpù tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ni wọ́n fún mi, mo ń fẹ́ ẹ, mo ń fẹ́ ẹ, apá mi méjèèjì ti kú, táyà ṣì rọ̀ bí àmàlà. Lẹ́yìn náà ni mo ṣubú. Òkúta ló dá kẹ̀kẹ́ dúró, kò dá èmi dúró. Mo wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi wà lókè, mò ń retí kí ẹnì kan ké yéè, kí ẹnì kan ní ẹ pẹ̀lẹ́, kí wọ́n bá mi na òkúta yẹn. Àna mi sáré dé, ó gbé kẹ̀kẹ́ dìde, ó yí wíìlì rẹ̀ wò, ó fọwọ́ ra á lára, ó ní, "Ọpẹ́ o, kò ní nǹkan kan." Kẹ̀kẹ́ ló ń sọ!

Mo délé, ìyá mi pè láti Ìkirè. "Àkànní, ọmọ mi, ta ló gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó gbà á, ẹ̀yin ìyá mi, mo fowó mi ra kẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Èló?" Mo sọ ọ́. Wọ́n bú sẹ́kún. Bàbá mi gun Raleigh lọ sóko kòkó títí wọ́n fi ra mọ́tò, ọjọ́ tí wọ́n sì ra mọ́tò ni wọ́n gbé Raleigh fún ẹlòmíràn. "Bàbá rẹ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ kí ìwọ má baà gùn ún!" Ní báyìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń dáwó jọ fún mi, èmi tí mò ń fowó ránṣẹ́ sí wọn! Ìjọ ti gbààwẹ̀. Aládùúgbò kan sì ti ní òun mọ wòlíì tó mọ irú rẹ̀ wò, àti pé fọ́tò ṣòkòtò péńpé yẹn gan-an ni wọ́n máa gbé lọ.

Ẹ rò pé ó tán? Wọ́n ti ń wéwèé mìíràn! Ọ̀kan ní ká lọ South Africa fún Cape Epic, ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ń sá ní méjìméjì, tí òfin rẹ̀ ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èmi àti àna mi! Ẹlòmíràn ní Leadville ni, ní Colorado, máìlì 100, ní ìlú tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ. Ìlú awakùsà ni Leadville; nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n dá eré ìje ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò lè máa wá náwó, nígbà tó di 1994 wọ́n fi ti kẹ̀kẹ́ kún un. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ kò mówó wọlé mọ́, wọ́n wá ń wa àpò wa! Ẹ sì mọ ohun tí ẹni tó bá parí rẹ̀ láàárín wákàtí 12 ń gbà? Irin ìgbànú! Mo ní ìgbànú nílé! Ẹlòmíràn ní Bolivia, lójú ọ̀nà Yungas tí aráyé mọ̀ sí Ọ̀nà Ikú. Wọ́n la títì mìíràn kí mọ́tò lè sá kúrò níbẹ̀, mọ́tò sá kúrò, oníkẹ̀kẹ́ bá rọ́ dé! Ní Llanwrtyd Wells ní Wales, wọ́n tiẹ̀ ti gun kẹ̀kẹ́ gba inú omi àbàtà, tí wọ́n fi ọ̀pá mí. Àna mi ní ìyẹn wu òun.

Mo wá ní dókítà ni yóò gbà mí. Mo lọ bá a, mo fi orúnkún tó bó hàn án, mo ṣàlàyé ẹṣin, mo ṣàlàyé ìpara, mo ní kó kọ ìwé kékeré kan fún mi pé kẹ̀kẹ́ lè pa mí. Ó ní kí n nawọ́. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ó tún un wọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, kí n má dáwọ́ dúró! Ẹ̀jẹ̀ tèmi! Ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ń fi ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì bọ́ láti kékeré! Pẹ̀lú gbogbo ohun tí òkè ṣe fún mi, tí òfin ṣe fún mi, tí àgùntàn ṣe fún mi, ó yẹ kó ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó yẹ kó máa hó! Ta ló fún un ní rìbá? Wọ́n ti fa ìyàwó mọ́ra, wọ́n ti fa ọmọ mọ́ra, wọ́n wá wọ inú iṣan mi lọ fa ẹ̀jẹ̀ mọ́ra! Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí yé, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tó lè mú ẹ̀jẹ̀ ru díẹ̀, díẹ̀ péré, kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, kó jọ̀ọ́ wá mi kàn. Ìbáà jẹ́ iyọ̀, ìbáà jẹ́ àìsùn, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú Nàìjíríà, ẹ máa kó o bọ̀!