Oríkì Ìtọ́kasí Èké

Ìtọ́kasí Èké, mo ṣe sàdáńkátà fún ọ!
Ọmọ Ìkánjú tí Ọ̀lẹ bí lóru,
nígbà tí iṣẹ́ ku ọ̀la kó wọlé.
Ọ̀rẹ́ ẹni tó kọ iṣẹ́ ìwádìí tán,
tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò ní ó sọ ọ́.
Alágbádá-tí-kò-lára!
O fi orúkọ òǹkọ̀wé ṣe agbádá,
o fi ọdún ṣe ṣòkòtò, o fi àkámọ́ dé fìlà.
Kọ́mà rẹ kò yẹ̀, àmì ìdánudúró rẹ dúró ṣánṣán;
ìwé nìkan ni kò sí lábẹ́ ẹ̀wù.

A-jí-òkú-kọ̀wé!
Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá kú ní 1901.
Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún ìtàn Yorùbá náà kọ
lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ sọnù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé;
1921 ló tó jáde.
Ìwọ ní Johnson kọ òmíràn ní 2014,
lórí Facebook àti ọ̀dọ́ ìwòyí!
Johnson dárúkọ àwọn àgbà tó gba ìtàn lọ́wọ́ wọn,
Lágúnjú Tìmì Ẹdẹ, Kúkọ̀mí ará Ìbàdàn.
Ìwọ kò bi àgbà, o kò bi èwe,
síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ dá ṣáká.

A-ti-àpilẹ̀kọ-bọ́-sínú-àpilẹ̀kọ!
Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣi orúkọ òǹkọ̀wé Fadipe kọ, tó di Fadipo,
ẹni tó da tiẹ̀ kọ a gbé Fadipo,
àwọn ọmọ ẹ̀yìn a jogún Fadipo,
kò ní sẹ́ni tó ṣí ìwé Fadipe wò.
Ìwé mìíràn kò ju ojú-ìwé 140 lọ,
ìwọ ti rí ẹ̀rí ní ojú-ìwé 312.

Arìnrìn-àjò tó dé kóòtù New York!
Ní 2023, agbẹjọ́rò kan ní kí ChatGPT bá òun wá ẹjọ́ àtijọ́.
ChatGPT kó ẹjọ́ tí kò wáyé rí kalẹ̀ fún un, tòun ti nọ́ńbà.
Agbẹjọ́rò bi í pé ṣé òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni.
Ìtanràn 5,000 dọ́là ni adájọ́ fi pọ́n ọ lé.

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí o ko alábòójútó tó ní sùúrù,
tó nu gíláàsì ojú rẹ̀, tó fọwọ́ lé ìlà kan, tó ní:
"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé ìwé yìí wá kí n rí i."
Bí o kò bá dá a lóhùn, akọni,
kì í ṣe pé o jẹ́ ojo.
Wọn ò tíì kọ ìwé náà ni.